Ẹ̀rọ Yìnyín Gbígbẹ Dé: A Kò Kọ̀ Ọ́, Ṣùgbọ́n Kí Wọ́n Má Sọ Kòtò Wa Di Sàréè



Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ofátáìmù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tuntun kan ni. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀gá ti gbé ẹ̀rọ náà wá sí sọ́ọ̀bù fún ìdánwò ni àhesọ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. Àwọn kan ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ń fọ ọkọ̀ nìyẹn. Àwọn kan ní kí a lé ẹ̀rọ náà padà síbi tí ó ti wá. Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní yìnyín wo ni yóò fọ gíríìsì tí kẹrosíìnì kò rí fọ̀? Nítorí náà ni àwa aṣojú òṣìṣẹ́ ní sọ́ọ̀bù ṣe jókòó, tí a ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, tí a bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ìbéèrè, tí a sì pinnu láti sọ ohun tí a rí fún yín láìfi epo bọ iyọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ibi tí a dúró sí. A kò lòdì sí ẹ̀rọ náà. Ohun tí a lòdì sí ni pé kí a gbé e lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nínú kòtò mẹkáníìkì, láìsí ẹ̀kọ́, láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí fáànù, kí a sì máa fi ẹnu lásán sọ fún un pé kò sí ewu. Ewu wà níbẹ̀, ó sì tó ohun tí ń pa ènìyàn.

KÍ NI YÌNYÍN GBÍGBẸ?

Gbogbo wa ni a mọ yìnyín tí a fi omi ṣe, èyí tí àwọn ìyá wa ń rà láti fi mú ẹlẹ́rìndòdò tutù. Bí oòrùn bá mú un, yóò yọ́ di omi. Yìnyín gbígbẹ kò ní omi nínú rárá. Gáàsì carbon dioxide ni wọ́n fún mọ́ra, tí wọ́n mú tutù títí ó fi dì gbagidi. Gáàsì yìí kì í ṣe àlejò sí wa. Òun ni ó ń hó nínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò nígbà tí a bá ṣí ìdérí rẹ̀. Òun náà ni ó wà nínú irú àgbá panápaná kan tí a fi ń pa iná ẹlẹ́tíríìkì. Òun náà ni àwa fúnra wa ń mí síta.

Òtútù yìnyín yìí kì í ṣe kékeré. Firísà inú ilé máa ń tutù dé 18 nísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ti yìnyín gbígbẹ jẹ́ 78 nísàlẹ̀ òdo. Bí ooru bá sì mú un, kì í yọ́ di omi. Láti orí yìnyín ni ó ti ń fò di gáàsì tààrà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní gbígbẹ.

Kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lánàá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Thilorier ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1835. Nígbà tí ó di ọdún 1977, Calvin Fong tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Lockheed ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí a lè gbà fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ mọ́ ara irin bí a ti ń fẹ́ yanrìn.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ó rí bí àpótí tí ó ní táyà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń da yìnyín tí ó rí wẹ́wẹ́ bí hóró ìrẹsì sínú rẹ̀, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ yóò sì fẹ́ ẹ gba inú họ́ọ̀sì jáde bí ìgbà tí a bá yìnbọn. Bí hóró náà bá ti ba ìdọ̀tí, ohun mẹ́ta ni ó ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Agbára tí ó fi dé yóò gbá ìdọ̀tí náà. Òtútù rẹ̀ yóò mú kí gíríìsì le, kí ó súnkì, kí ó sì sán. Lẹ́yìn èyí, hóró náà yóò di gáàsì lójijì, yóò wú ní ìlọ́po bí 800, yóò sì ti ìdọ̀tí náà kúrò lára irin. Ìdọ̀tí yóò bọ́ sílẹ̀, yìnyín ní tirẹ̀ yóò ti pòórá.

IRE TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Kí a má parọ́, a rí ire nínú rẹ̀. Ẹ wo bí a ti ń fọ abẹ́ ọkọ̀ títí di òní. Bọ́ọ̀sì á wọlé láti ojú ọ̀nà, abẹ́ rẹ̀ á kún fún ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì tí ó ti gan. A ó bu kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù sínú agolo, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì há a, a ó fi ọsẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, a ó fi omi ṣàn án. Omi ọlọ́ìlì náà á gba gọ́tà lọ bá àwọn aládùúgbò. Ẹ yẹ àtẹ́lẹwọ́ àwọn ìyá wa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí wò, ẹ ó rí i pé awọ ibẹ̀ ti bó tipẹ́. Omi á tún wọ inú wáyà, bí ọkọ̀ bá sì kọ̀ tí kò ṣíná lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́tíríìkì ni wọn ó bá wí.

Ẹ̀rọ yìí kò lo omi, kò lo pẹtiróòlù, kò sì fi yanrìn sílẹ̀ láàárín bẹ́árìn. Lọ́jọ́ ìdánwò, kò pẹ́ rárá tí gíábọ́ọ̀sì tí kò tíì rí ojú ọ̀run láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti dé fi mọ́ tónítóní. Mẹkáníìkì wa kan tọ́ka sí ibi tí ó sán lára rẹ̀, tí ọ́ìlì ti ń jò láti ìgbà pípẹ́, tí a kò sì rí nítorí ìdọ̀tí. Èyí wúlò fún awakọ̀ tí ó ń gbé ọgọ́ta ènìyàn lórí afárá. Ohun tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣe ni pé kò lè họ ìpẹtà tí ó ti jẹ irin wọlé, kò sì gbá ìdọ̀tí tí ó bọ́ sílẹ̀. Ènìyàn ni yóò gbá a.

NÍBO NI GÁÀSÌ NÁÀ Ń LỌ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Wọ́n ní yìnyín náà ń pòórá. Irọ́ ni. Kò pòórá, gáàsì ni ó dà. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, imú wa kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, bí a bá wọn afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà méjì, gáàsì yìí tó mẹ́ta. Ohun tí ó bá sì wúwo, ìsàlẹ̀ ni yóò wá lọ. Ta ni ó wà ní ìsàlẹ̀ ní sọ́ọ̀bù wa? Ẹni tí ó wà nínú kòtò ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò, inú kòtò ni wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, kí ó máa di họ́ọ̀sì mú, bọ́ọ̀sì sì dúró lórí kòtò náà bí ìdérí ìkòkò. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, àyà òun sì ń lù kìkì. Ọ̀gá kan ní kí ó má ṣe ọ̀lẹ, pé ibà ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó rí i pé ọmọ náà ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó pariwo pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ, tí a sì fi okùn fà á jáde. Ìtọ́jú tí wọ́n fún un ni mílíìkì agolo kan. Ẹ̀yin ará wa, mílíìkì kì í ṣe oògùn gáàsì. Afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ ni oògùn rẹ̀, àti dókítà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò, nítorí pé ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Kìlógíráàmù kan yìnyín gbígbẹ máa ń di gáàsì tí ó tó lítà 540. Ẹni tí ó mú ẹ̀rọ wá sọ fún wa pé yóò lo nǹkan bí kìlógíráàmù 30 ní wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ lítà 16,200. Àwa fúnra wa wọn kòtò wa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3, jíjìn rẹ̀ jẹ́ 5. Afẹ́fẹ́ tí ó lè gbà kò ju nǹkan bí lítà 17,000 lọ. Gáàsì wákàtí kan péré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti kún kòtò náà dẹ́nu.

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò jókòó sínú kòtò, pé afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ yóò tú díẹ̀ ká. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tí kòtò bá kún. Nínú ìdá 10,000 afẹ́fẹ́ tí ó mọ́, ìdá gáàsì yìí kò ju 4 àti díẹ̀ lọ. Òfin iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ fún ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Bí ó bá tó 400, wọ́n kà á sí ewu ẹ̀mí lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tó 1,000, tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá, ènìyàn lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún kòtò tiwa, gáàsì tí ó lè mú un dé ibẹ̀ wà nínú yìnyín tí ó lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù mẹ́ta. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà tàbí méje ni ẹ̀rọ náà fi ń lo ìyẹn.

Àwọn àgbà tí ń gbẹ́ kànga mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn ẹni tí ó wọ kànga tí kò jáde mọ́, tí ọmọ rẹ̀ wọlé lọ wò ó, tí òun náà kò jáde, tí àwọn ará àdúgbò sì ń sọ pé iwin ni. Nítorí náà ni àwọn agbẹ́kànga ṣe ń sọ fìtílà kalẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: fìtílà kò tó fún gáàsì yìí. Fìtílà lè máa jó kedere síbẹ̀, kí gáàsì ti pọ̀ tó láti dá ènìyàn dúbúlẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn gáàsì nìkan ni ó lè sọ òótọ́ fún wa.

Bí ẹnìkan bá sì rò pé a ń dẹ́rù bà yín lásán, ẹ rántí àwọn aládùúgbò wa ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1986, gáàsì yìí kan náà rú jáde láti ìsàlẹ̀ adágún omi Nyos. Kò fò lọ sókè ọ̀run. Ó ṣàn wọ inú àfonífojì bí omi òjò, ó bá àwọn ènìyàn nínú ilé wọn. Àwọn tí ó kú lé ní 1,700, ẹran ọ̀sìn tí ó kú lé ní 3,000. Wọn kò gbọ́ ariwo ogun, wọn kò rí iná. Sọ́ọ̀bù wa kì í ṣe adágún Nyos, ṣùgbọ́n gáàsì ọ̀hún kan náà ni, kòtò wa sì ni àfonífojì tiwa.

EWU MÌÍRÀN TÍ WỌN KÒ SỌ

Àkọ́kọ́ ni òtútù. Yìnyín yìí ń jó ara bí iná. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán bù ú, awọ ọwọ́ rẹ̀ lè kú. A rí ẹnìkan lọ́jọ́ náà tí ó fi àkísà dì í mú. Àkísà kì í ṣe ìbọ̀wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ da yìnyín náà sínú ohun tí a dé pinpin, yálà ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì, nítorí gáàsì yóò wú nínú rẹ̀, yóò sì bú gbàmù.

Èkejì ni ariwo. Ariwo ẹnu họ́ọ̀sì náà lè ju 100 dẹ́síbẹ̀lì lọ. Etí tí ó bá ń gbọ́ irú rẹ̀ lójoojúmọ́ láìbò yóò kú díẹ̀díẹ̀, etí tí ó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

Ẹ̀kẹta ni eruku. Ohun tí ó bá fò kúrò lára ọkọ̀ inú afẹ́fẹ́ ni yóò lọ. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan wà tí bíréèkì wọn ní asbestos nínú, èyí tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí àrùn rẹ̀ sì lè pamọ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọjú. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ yìí, tàbí afẹ́fẹ́ kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ pàápàá, fẹ́ eruku bíréèkì sí ojú ara wa.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Bí hóró yìnyín ti ń sáré gba inú họ́ọ̀sì, ó máa ń bí iná ẹlẹ́tíríìkì kékeré tí ó lè ta. Bí táńkì pẹtiróòlù bá ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ti mọ ìyókù. Nítorí náà, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó bá mọ ilé-iṣẹ́ yóò rí. Yìnyín gbígbẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a rà lówùúrọ̀ yóò ti dín kù ní alẹ́, bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Lójú ọ̀gá, owó ni ó ń fò lọ yẹn. A ti mọ ohun tí yóò sọ: "Ẹ yára, ẹ má sinmi, ẹ lò ó tán kí ó tó tán fúnra rẹ̀." Ìkánjú yẹn ni yóò mú kí ènìyàn pẹ́ nínú kòtò. A ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o: ẹ̀mí òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń lé yìnyín bá.

IṢẸ́ ÀWỌN TÍ Ń FỌ ỌKỌ̀ ŃKỌ́?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ níbí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì wọṣẹ́ bi wá léèrè pé: "Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣojú wa, tí ẹ̀rọ bá wá fọ ọkọ̀ tán, kí ni èmi yóò wá fọ̀?" Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Ọwọ́ àwọn ìyá yìí ni ó bó nítorí ọkọ̀ wọ̀nyí. Kò tọ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ohun tí kò bó ọwọ́ dé ni a ó lé wọn lọ.

Èrò wa ni pé àwọn tí ń fọ ọkọ̀ nísinsìnyí ni kí a kọ́kọ́ kọ́ ní ẹ̀rọ náà. Wọ́n mọ ibi tí ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí lábẹ́ bọ́ọ̀sì ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹni méjì, ó kéré tán, ni ó gbọ́dọ̀ máa wà nídìí ẹ̀rọ náà, ọ̀kan ní ẹnu họ́ọ̀sì, èkejì lókè tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ènìyàn ni yóò ṣì máa fọ inú ọkọ̀, tí yóò máa gbá ilẹ̀, tí yóò máa nu wíńdò. Iṣẹ́ kò tán.

Òfin sì wà lẹ́yìn wa. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 20, sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Kì í ṣe ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

ÀWỌN ÒFIN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀ SÓRÍ

Òfin Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀rọ, tí a tún ṣe ní ọdún 1987, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti rán òṣìṣẹ́ wọ ibi tí gáàsì olóró lè wà láìsí ètò ààbò. Òfin Owó Ìtanràn Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 sọ pé ẹni tí ó bá farapa tàbí tí ó ṣàìsàn nítorí iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó láti inú àpò tí àjọ NSITF ń tọ́jú, àpò tí agbanisíṣẹ́ ń dá owó sí, tí a kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó oṣù yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Nítorí náà, bí orí bá fọ́ yín nínú kòtò, ẹ má lọ sùn sílé lásán. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an.

Bákan náà ni ìlànà àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 155, ti ọdún 1981, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1994, sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá fi ẹsẹ̀ fẹ nítorí ó ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé ewu ńlá dé sí ẹ̀mí òun, a kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ẹni tí ó jáde kúrò nínú kòtò nítorí àyà rẹ̀ ń lù kì í ṣe ọ̀lẹ.

ÀWA NÁÀ Ń KỌ́?

Bí a bá fi ìka kan tọ́ka sí ọ̀gá, mẹ́ta ń tọ́ka sí wa. Àwa náà ní ẹ̀bi. Mélòó nínú wa ni ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ nítorí ooru? Mélòó ni ó ń fi awò ojú sọ́rí bí fìlà? Bí wọ́n bá ra ohun ààbò fún wa, kí a lò ó. Ẹgbẹ́ kò ní gbèjà ẹni tí ó gbé ìbọ̀wọ́ lọ tà.

Ohun kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, a rí ẹnìkan tí ó ń bu yìnyín tí ó ṣẹ́kù sínú kúlà, ó fẹ́ gbé e wọ dánfó lọ sílé láti fi mú ohun mímu tutù níbi ìnáwó. Ọmọ ìyá wa, ọlọ́run ni ó yọ ọ́, a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá obìnrin méjì nínú mọ́tò tí kúlà yìnyín gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ti kú, èkejì wà láàárín ikú àti ìyè. Ẹ̀yin awakọ̀, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé yìnyín yìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni kí ó wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ yín, kí gíláàsì sì wà ní ṣíṣí. Kò sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọdé tàbí inú ife ẹnikẹ́ni.

Ohun kẹta, èyí tí ó ṣòro jù láti sọ fún ẹni tí ó ní ojú àánú. Bí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ yín tí ó ṣubú nínú kòtò, ẹ má bẹ́ wọlé tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bẹ́ wọlé ni òkú kejì. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pariwo, ẹ fi okùn tí ó wà ní àyà rẹ̀ fà á, ẹ ti bọ́ọ̀sì kúrò lórí kòtò, ẹ tan fáànù. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè okùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti sin ènìyàn.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

1. Kí a má lo ẹ̀rọ náà nínú kòtò rárá. Kí a fọ ọkọ̀ ní gbangba, lórí àtẹ̀gùn irin tí yóò gbé e sókè, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́.

2. Bí òjò bá lé wa wọ abẹ́ òrùlé, kí fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ wà ní ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀. Fáànù òkè àjà kò wúlò fún gáàsì tí ó sùn sílẹ̀.

3. Kí a ra ẹ̀rọ tí ń wọn gáàsì, kí ó wà lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́, kí ó sì máa dún bí ewu bá dé.

4. Ìbọ̀wọ́ òtútù, awò ojú, ìbòmú eruku, ìdíetí, bàtà àti ofarọ́ọ̀lù fún olúkúlùkù, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́. Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìbòmú eruku kò lè dá gáàsì dúró.

5. Kí ẹni méjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà gbogbo, kí wọ́n sì máa gba ipò fún ara wọn. Kí a má fi aago yìnyín lé ẹnikẹ́ni.

6. Kí a kọ́ àwọn tí ń fọ ọkọ̀ nísinsìnyí ní ẹ̀rọ náà ní èdè Yorùbá, ní àkókò iṣẹ́, pẹ̀lú owó iṣẹ́ wọn ní pípé.

7. Kí ìwé àdéhùn wà pé ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù iṣẹ́ nítorí ẹ̀rọ yìí.

8. Kí dókítà yẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò wò, kí a sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìjàǹbá.

Nínú ohun mẹ́jọ yìí, kò sí èyí tí ó ju agbára ilé-iṣẹ́ tí ó lè ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lówó ẹṣin kò yẹ kí ó sọ pé òun kò lówó ìjánu.

A ti fi lẹ́tà wa ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá. A ó ka èsì rẹ̀ fún yín ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ kòtò pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn. Bí wọ́n bá pàṣẹ fún yín, ẹ sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbú ẹnikẹ́ni, pé kí wọ́n pe aṣojú yín wá. A ó wá, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ wá sípàdé o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má jókòó sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yín ni a fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ sọ́ọ̀bù ni. Ọkọ̀ tí ẹ ń wà ni ó ń dúró lórí kòtò náà. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Kí ọkọ̀ mọ́, kí ẹni tí ó fọ̀ ọ́ sì padà sílé bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní alẹ́.